Kámẹ́rà Kékeré àti Àwòrán Ilé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wọn ní Ìyànà-Ìbà)

  Nígbà tí Akọ̀wé ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé yìí, a mọ̀ pé oríkì tàbí ìtàn àwọn Àwórì ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti yà kúrò lójú ọ̀nà iṣẹ́ Ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní olùtọ́jú ìtàn ilé, tí kò sì lè sọ ibi tí àwòrán ilé wà, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe.

Ohun tí ó ta wá jí sí ọ̀ràn yìí nìyí. Láti nǹkan bí ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn kámẹ́rà díjítà kékeré tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, èyí tí àwọn òbí wọn ti jù sínú àpótí. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ní ẹwà kan tí ti fóònù kò ní. Àṣà náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. A rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́: wọn a lọ sí Alábà, wọn a wá a rí láàárín ẹrù tòkunbọ̀, wọn a so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ohun ọ̀ṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn mú tirẹ̀ tọ̀ wá wá nítorí pé ó bá àwòrán nínú rẹ̀. Ọmọ Òyìnbó kan ń fẹ́ iná àbẹ́là lórí àkàrà òyìnbó. Ìyá arúgbó kan jókòó létí fèrèsé. Ajá kan dùbúlẹ̀ lórí koríko. Ta ni wọ́n? Kò sí ẹni tí ó lè sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè tí ó wọ̀ wá lọ́kàn ni pé: bí àwòrán ilé tiwọn bá lè bọ́ sí ọjà Alábà, níbo ni tiwa bọ́ sí?

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí ó kọ́kọ́ ní irú kámẹ́rà yìí ní àgbègbè wa léèrè, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, láti Òkókómáíkò dé Ìjàníkìn. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni a fẹ́ rò fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Fọ́tò kì í ṣe àlejò àná ní ilẹ̀ yìí. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, N. Walwin Holm ti ń ya àwòrán ní Èkó. George Da Costa náà ń ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá tí Macmillan ṣe nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1920. Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague lọ sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ibẹ̀, ohun tí ó kọ sì jáde ní 1978. Ó rí i pé bí àgbàlagbà bá fẹ́ ya fọ́tò, a jókòó ṣánṣán, a kọjú sí kámẹ́rà, a gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ a sì tẹ́ rẹrẹ. Ìjókòó ọlọ́lá ni. Ó tún rí ohun tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a tẹ àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ tí a ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi mọ̀ pé kì í ṣe nítorí kí a lè dá ìbọ ìbejì padà ni a fi sọ èyí. A sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé lójú àwọn baba wa, fọ́tò kì í ṣe ohun ìṣeré. Ohun tí wọ́n fi ń mú ẹni tí kò sí padà wá sí àárín ilé ni.

Ní ọdún 1975 kan náà tí Sprague wà ní Ìlá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Steven Sasson, ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́, nílé iṣẹ́ Kodak ní ìlú Rochester. Ó wúwo tó kílò 3.6, ó sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 23 kí ó tó lè kọ àwòrán kan ṣoṣo sórí kásẹ́ẹ̀tì. Dípò fíìmù, pátákó tín-ín-rín kan tí a pín sí ojú kéékèèké ni ó fi gba ìmọ́lẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan a wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bà á, ẹ̀rọ a sì fi nọ́ńbà kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀. Àkójọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni àwòrán. Ojú 10,000 péré ni ti Sasson ní. Nígbà tí Casio gbé QV-10 jáde ní 1995, tí ó ní gíláàsì kékeré lẹ́yìn níbi tí a ti lè wo àwòrán lẹ́sẹ̀kan náà, ojú rẹ̀ ti tó 250,000. Nígbà tí ó fi di ọdún 2000, Canon ti gbé Digital IXUS jáde, tí ó ṣeé jù sí àpò agbádá, tí ojú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 2. Irú àwọn wọ̀nyí ni ó wọ ọjà Alábà ní ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, àwọn kan tuntun nínú páálí, àwọn kan tòkunbọ̀.

Gbogbo àwọn tí a bi léèrè ni ó fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn. Aránṣọ kan ní Ìbà ra tirẹ̀ kí ó lè máa ya aṣọ tí ó bá rán, kí àwọn oníbàárà lè yan èyí tí ó wù wọ́n. Ní ayé fíìmù, ẹni tí ó bá ya àwòrán kan yóò dúró títí 36 yóò fi pé, yóò gbé e lọ fọ̀, yóò sanwó èyí tí ó dára àti èyí tí ó bàjẹ́. Nísinsin yìí, ó tẹ̀ ẹ́, ó rí i, èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ó pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kan ó yí kámẹ́rà náà sí ìyá rẹ̀ tí ń gbọ̀n ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá náà ní kí ó dúró kí àwọn lọ wé gèlè, kò dúró, ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ó wà nínú ilé yín, kí ẹ sì sọ fún wa iye ìyá àgbà tí ń rẹ́rìn-ín nínú wọn. Owó fíìmù àti ọlá ìjókòó kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà kékeré yìí ni ó kọ́kọ́ rí ẹ̀rín wọn lọ́fẹ̀ẹ́. A kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni wí pé ohun asán ni.

Lẹ́yìn ayọ̀ ni ẹ̀sùn. Bátìrì ni gbogbo wọn kọ́kọ́ dárúkọ. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn, fíláàṣì rẹ̀ ń kọ mànà, ẹnu rẹ̀ ń yọ síta ó sì ń wọlé, bátìrì ni gbogbo rẹ̀ sì ń jẹ. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí ó lè mú rédíò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kò lè ya ju àwòrán mélòó kan lọ kí kámẹ́rà tó di ojú. Ẹni tí ó ra èyí tí a ń fi iná sí, ọwọ́ iná mànàmáná ni ó bọ́ sí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àgbègbè yìí kò sì béèrè àlàyé lórí ìyẹn. Olùkọ́ kan sọ fún wa pé bí ìnáwó bá ku ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni òun ń gbé kámẹ́rà òun sùn, nítorí onígbàjámọ̀ ni ó ní ẹ̀rọ amúnáwá ní àdúgbò àwọn.

Ìlọ́ra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó ń wá ibi tí yóò tẹjú mọ́. Nígbà tí yóò bá fi la ojú, ẹni tí ń náwó fún olórin ti yí ẹ̀yìn padà. Ẹnì kan fi àwòrán ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ hàn wá: ọwọ́ wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, ẹni tí ó ni ọwọ́ kò sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé léèsì funfun ni ẹbí wọ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà a máa fẹ́ kí gbogbo ohun tí ó bá rí dọ́gba bí àwọ̀ eérú. Bí ó bá rí funfun púpọ̀, a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀jù, a dín in kù, ojú àwọn ènìyàn wa a sì ṣú. Àwọn onífọ́tò ayé fíìmù mọ èyí, wọ́n sì mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ẹni tí ó ra kámẹ́rà lánàá kò mọ̀ ọ́n. Léèsì hàn kedere, a kò mọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn rí ohun tí ó ya wọ́n lẹ́nu ju èyí lọ. Láìjẹ́ pé kámẹ́rà já bọ́, láìjẹ́ pé omi wọ̀ ọ́, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í di elésè-àlùkò, ìlà ń la inú rẹ̀ kọjá, títí ó fi di dúdú pátápátá. Wọ́n bú ẹni tí ó tà á fún wọn. Wọ́n na ọmọ ilé. Nínú oṣù October ọdún 2005 ni ayé gbọ́ ìdí rẹ̀: àwọn pátákó agbàmọ́lẹ̀ kan tí Sony ṣe, tí ó sì tà fún Canon, Nikon, Fujifilm àti àwọn mìíràn, ní àlébù, èyí tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń mú kí ìsopọ̀ inú wọn tú. Ooru àti ọ̀rinrin! Ẹ gbé ojú sókè wo ọ̀run Ọ̀jọ́, láàárín ọ̀sà àti òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe ìlérí láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ìkéde náà nígbà tí ó ṣì lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn ọjọ́, nítorí ó kan ẹ̀yin ìjòyè gan-an. Kámẹ́rà wọ̀nyí a máa kọ ọjọ́ sí igun àwòrán. Bí bátìrì bá kúrò nínú wọn pẹ́, aago wọn a padà sí ọjọ́ tí wọ́n tò ó sí nílé iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ṣe wàhálà láti tún un tò. Ẹbí kan fi àwòrán ìwúyè bàbá wọn hàn wá. Ọjọ́ tí ó wà nígun rẹ̀ ni 1 January 2003. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ àwọn onílù, ènìyàn mẹ́ta ṣí agboòrùn, àgbàdo tútù sì wà lórí àtẹ ẹnì kan lẹ́yìn wọn. Ta ni ń ta àgbàdo tútù ní Ọ̀jọ́ nínú ọyẹ́? Ẹ̀yin mọ ohun tí ọjọ́ ìwúyè ń jẹ́ nígbà tí ọ̀ràn ta-ni-àgbà bá délẹ̀ nínú ìdílé tí oyè ń yí kiri. Bí ogójì ọdún bá kọjá, tí àwọn ẹlẹ́rìí ti lọ, igun àwòrán yẹn ni ọmọ-ọmọ yóò gbé dé iwájú adájọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ọjọ́ tòótọ́ náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì ń bẹ láàyè.

A dé ibi tí ó dùn wá jù. Nígbà tí a bi àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé, «Níbo ni àwọn àwòrán náà wà?», ojú àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn wálẹ̀. Àwòrán wà nínú káàdì kékeré kan tí kò ju èékánná lọ. Nígbà tí káàdì kún, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, tàbí ti ọ̀rẹ́, tàbí ti ibi tí a ti ń sanwó lo kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pa ti inú káàdì rẹ́. Kọ̀ǹpútà náà kó kòkòrò, tàbí wọ́n tà á, tàbí iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ sun ún. Àwọn mìíràn ta kámẹ́rà pẹ̀lú káàdì nínú rẹ̀. Ní ọdún 2005 àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Basel Action Network tẹ ìwé jáde nípa àwọn ẹ̀rọ ògbólógbòó tí a ń kó wọ Èkó. Wọ́n ra ohun ìpamọ́ kọ̀ǹpútà nínú ọjà wa, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ti ni ín tẹ́lẹ̀ ní òkè òkun nínú rẹ̀. Ọmọ Òyìnbó tí ń fẹ́ iná àbẹ́là náà kò dá nìkan wà.

Ní Òkókómáíkò, a bá onífọ́tò àgbà kan tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó dé Ọ̀jọ́ ní 1983. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni àwọn páálí bàtà wà, fíìmù tí a ti fọ̀ sì kún inú wọn, èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní nẹ́gátíìfù. Ó kọ ọdún àti orúkọ sára wọn. Títí di òní, bí ènìyàn bá kú ní àdúgbò, àwọn ọmọ a wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, a tú páálí, a rí bàbá wọn ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú fìlà gọ̀bì. Òun náà ra kámẹ́rà díjítà ní ọdún 2004, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ dúró de fíìmù mọ́. Páálí ti ọdún yẹn dà? Kò sí. Ó ní bí wọ́n bá wá béèrè àwòrán 1988, òun yóò rí i kí omi tó hó. Bí wọ́n bá wá béèrè ti 2006, òun yóò sọ pé ó dìgbà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ náà bá kámẹ́rà méjèèjì mu.

Ọkùnrin kan ní Ìbà sọ ti ìyá rẹ̀ fún wa. Ọjọ́ tí ìyá náà pé ọgọ́rin ọdún, ó ya àwòrán tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó fi wọ́n han ìyá lójú gíláàsì kékeré náà. Ìyá wò ó, wọ́n fi ìka tọ́ ọ, wọ́n ní, «Ó dára. Ìgbà wo ni ẹ ó fún mi ní tèmi?» Ó ṣàlàyé pé inú ẹ̀rọ ni ó ń gbé. Ìyá ní èyí tí kò ṣeé fi sábẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe tàwọn. Kí ó lè sinmi, ó lọ tẹ ẹyọ kan fún wọn, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọdún kejì, wọ́n jí kọ̀ǹpútà tí ó kó ìyókù sí. Ìyá kú ní 2009. Ẹyọ kan tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí náà ni a fi ṣe ìwé ìsìnkú, òun ni a gbé tóbi sí iwájú pósí, òun ni ó sì wà lára ògiri nígbà tí a bá a lálejò, pẹ̀lú àmì ibi tí a ti ká a sí méjì.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé ọjọ́ kámẹ́rà wọ̀nyí ti kọjá, fóònù sì ti gba ipò wọn. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 2010, kámẹ́rà díjítà tí àwọn ilé iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ àwọn ará Japan kó ránṣẹ́ sí ọjà àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 120; ní 2020, kò tó mílíọ̀nù 9. Kodak fúnra rẹ̀, níbi tí a bí ọmọ náà sí, wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè ní oṣù January 2012. Ṣùgbọ́n káàdì wọn kò tíì kọjá. Wọ́n wà nínú àpótí, nínú agolo bísíkíìtì, nínú àpamọ́wọ́ tí a kò gbé jáde mọ́. Iná mànàmáná tín-ín-rín tí a há mọ́ inú wọn ni àwòrán, iná náà sì ń jò díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ń ṣe káàdì kì í sábà ṣe ìlérí ju ọdún bíi 10 lọ fún un. Ọdún 10 ti kọjá lórí púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ṣì wà láàyè, àwọn kan ti kú, a kò sì lè mọ̀ láìdán wọn wò.

Nítorí náà, ẹ wá wọn jáde. Ẹ má ṣe fi wọ́n ya àwòrán tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan dán wọn wò nínú fóònù tí yóò ní kí a kọ́kọ́ nu wọ́n mọ́. Èyí tí a sì ti pa rẹ́ pàápàá lè ṣàì tíì parun, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ń pa rẹ́ ni orúkọ àwòrán nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀; àwòrán náà wà ní ipò rẹ̀ títí òmíràn yóò fi wá jókòó lé e. Onírúurú ni ìrísí àwọn káàdì náà: SmartMedia, xD, Memory Stick, CompactFlash, SD, àwọn kan ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka gbogbo wọn ṣì wà láti rà ní Alábà fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti wá a.

Akọ̀wé ti yọ̀ǹda fún wa pé ní ìpàdé tí ń bọ̀, méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kí olúkúlùkù mú káàdì tirẹ̀ wá nínú àpòòwé, kí ó kọ orúkọ sára rẹ̀. A ó da ohun tí a bá rí nínú rẹ̀ sí ibi méjì, a ó sì dá káàdì padà fún ẹni tí ó ni ín. Èyí tí ẹ bá yàn láti tẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tí ó dàgbà jù nínú ilé kí ó tó kọ́ ara ògiri, kí ó pe orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ọmọ kan sì fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ wọ́n sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bírò kọ ọ́. A máa tẹ̀ yọ sí ojú àwòrán.